Ìdọ̀bálẹ̀ Lórí Omi

Àyà mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo nà gbalaja lé etí ọkọ̀ ojú omi, mò ń kí àgbàlagbà kan tó ń kọjá nínú ọkọ̀ tiwọn. Ìkíni náà ò tíì kúrò lẹ́nu mi tán nígbà tí omi òkun kàn mí láyà. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, àmọ́ kò yẹ kó dé ibi tí àyà mi wà. Mo wò ó, mo rí i pé etí ọkọ̀ tí mo sùn lé ti bá omi dọ́gba, etí kejì sì ti ga sókè bí àwo tí wọ́n fẹ́ da ọbẹ̀ inú rẹ̀ nù. Bàbá tó ni ọkọ̀ jókòó sí ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn sọ pé, "Ọmọ Ifẹ̀, o ti dà wá nù." Bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń bọ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ dojú dé.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbọ́ ìtàn ọjọ́ náà, àwọn ẹlòmíràn ló sì máa ń bá mi sọ ọ́, èmi á dákẹ́. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ kọ síbí. Mi ò ní fi nǹkan kan kún un.

Ọmọ Ìlódè ni mí, ní Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira, mo ti jáde ilé ìwé Módà, mo ti ṣe akọ̀wé díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ra kòkó, wọ́n sì ti ní kí n máa lọ sílé. Mo jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, oúnjẹ ìyá mi ni mò ń jẹ. Ẹja òkun yíyan ni ìyá mi ń tà. Ọwọ́ bàbá apẹja kan ní etí òkun, nísàlẹ̀ Òkìtìpupa lọ́hùn-ún, ni ẹja náà ti ń wá. Ọjà Oǹdó ni àwọn méjèèjì ti mọra nígbà tí mo ṣì kéré. Láti ìgbà náà, apẹ̀rẹ̀ ẹja á gun lọ́rì wá, ọ̀rọ̀ á sì tẹ̀lé e láti ẹnu awakọ̀ pé kí wọ́n bá òun kí oníbàárà òun. Ìyá mi náà á ní kí wọ́n bá òun kí oníbàárà òun. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn nìyẹn, wọn ò ní òmíràn. Ìyá mi máa ń sọ pé òun lè di ojú gba apẹ̀rẹ̀ tó bá ti ọwọ́ bàbá náà wá.

Nígbà tí ìjókòó mi sú ìyá mi, wọ́n ní kí n lọ gbé lọ́dọ̀ bàbá náà fún oṣù díẹ̀, kí n mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹja àti bí wọ́n ṣe ń yan án, bóyá òwò náà á lè di tèmi lọ́jọ́ iwájú. Ní gáréèjì, wọ́n tún fìlà mi ṣe.

"Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ Ifẹ̀ ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé o. Àgbà tó o bá ti rí, dọ̀bálẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ní ibi tí Bàbá ń gbé, ilẹ̀ na apá méjì yí omi òkun ká, bí ìyá tó gbé ọmọ sáàárín itan. Ìgbì ńlá ń fọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́nu ọ̀nà òkun. Èyí tó bá ráyè wọlé á ti rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Inú omi tí ilẹ̀ gbà mọ́ra yìí ni Bàbá ti ń dẹ àwọ̀n. Igi kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ ni ọkọ̀ wọn, kò sì fẹ̀. Tí mo bá jókòó sínú rẹ̀, orúnkún mi méjèèjì á kan etí rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo dé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni kò mọ ìtàn ọmọ tó ti Ifẹ̀ lọ bu omi òkun kí wọ́n lè fi wo ojú bàbá rẹ̀ tó fọ́? Obìnrin kan tó ń yan ẹja rí mi tí mo gbé àpótí mi kalẹ̀. Ó ní, "Ọmọ Ifẹ̀, ojú bàbá yín tún ti fọ́ ni? Ẹ ò mú ìgò dání. Kí lẹ máa wá fi bu omi?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún obìnrin náà nínú iyanrìn, ẹ̀rín wọn sì rọlẹ̀. Wọ́n ní ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́. Inú mi dùn. Láti ọjọ́ náà, ìdọ̀bálẹ̀ di ohun tí mo fi ń jayé níbẹ̀. Mi ò mọ àwọ̀n fà, mi ò mọ àjẹ̀ lò láti fi wa ọkọ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, àmọ́ kò sí ẹni tó lè dọ̀bálẹ̀ bí èmi.

Bàbá ń kọ́ mi díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe máa fi agolo gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀, àti bí mo ṣe máa mú ẹja ọ̀bọ̀kún tí ẹ̀gún rẹ̀ ò fi ní gún mi. Ọ̀bẹ kékeré kan wà lọ́rùn wọn tí wọ́n fi okùn so. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe.

"Àwọ̀n ò mọ ẹja yàtọ̀ sí èèyàn," ni wọ́n sọ. "Má jẹ̀ẹ́ kó sùn lé ẹ lẹ́sẹ̀."

Ìkíni náà wà lára ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ọjọ́ kìíní tí a jọ wọ omi, ọkọ̀ kan kọjá, Bàbá fi àjẹ̀ kan etí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó. Ẹni tó ń kọjá náà kan tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá ní, "Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà lórí omi nìyẹn. Fìlà kì í ṣí, ìdí kì í kúrò níbi tó wà. O gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Àmọ́ nínú ọkàn mi, mo ní irú ìkíni wo rèé, bí ẹni tó ń lu igbá pe ewúrẹ́ wálé? Mo rò ó pé àwọn ará etí omi yìí kò ní ẹ̀kọ́ tó tiwa ni. Ohun àkọ́kọ́ tó ń tì mí lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Wọ́n ti sọ fún mi. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a jáde lọ fa àwọ̀n ní òwúrọ̀ kan. Ẹja ṣawá pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ń dán bíi tánńganran. A ti fa ìdajì àwọ̀n náà sínú ọkọ̀, ìdajì yòókù ṣì wúwo nínú omi, ẹ̀gbẹ́ kan ló sì ń fà wá sí. Bàbá fi ara wọn tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì kó má baà dà. Nígbà náà ni ọkọ̀ mìíràn yọ. Olórí àwọn apẹja etí omi náà ló wà nínú rẹ̀, àgbàlagbà tí irun wọn funfun báláú, àti ọmọ wọn méjì tí wọ́n ti di bàbá ọmọ. Mi ò tíì rí wọn sójú rí, mo ti ń gbọ́ òkìkí wọn ni. Wọ́n kan àjẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀mejì.

Àgbàlagbà náà wá sọ pé, "Ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n ń ròyìn rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun nìyí?"

Wọ́n ti ń ròyìn mi. Orí mi wú. Mo fi àwọ̀n sílẹ̀, mo dìde, mo kọjú sí wọn, mo sì dọ̀bálẹ̀ sórí etí ọkọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí àwọ̀n ti ń fà wá.

Mo ti sọ bí ọkọ̀ ṣe dojú dé.

Mo rì. Iyọ̀ kún imú mi. Nígbà tí mo yọrí, ọwọ́ mi ba àwọn igi fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n so mọ́ etí àwọ̀n kó má baà rì, mo sì gbá wọn mọ́ra. Wọn ò gbé mi dáadáa. Ohun kan ń fà mí láti ìsàlẹ̀. Mo wò yíká, mi ò rí Bàbá. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ èèyàn di ọrùn ẹsẹ̀ mi mú nínú omi. Mo mọ̀ pé ọwọ́ wọn ni. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ gùn mí yọ sókè, pé èmi ni wọ́n máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àwọn lè mí. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi gìgísẹ̀ kejì ta wọ́n. Mo mọ̀ ọ́n lára pé ẹnu ló bà. Mo tún ta á. Ọwọ́ náà fi mí sílẹ̀.

Ara mi fúyẹ́ lójijì, mo léfòó. Inú mi dùn. Mo ní kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pé inú mi dùn.

Àwọn ọmọ àgbàlagbà náà ló kọ́kọ́ fà mí sínú ọkọ̀ wọn. Wọ́n ń wá Bàbá, wọn ò rí wọn, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọ̀n. Inú àwọ̀n ni Bàbá ti jáde, pẹ̀lú àwọn ṣawá, àwọ̀n wé wọn ní ẹsẹ̀ àti ní apá kan, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n dojú wọn dé, wọ́n ń tẹ ẹ̀yìn wọn. Ó pẹ́ kí omi tó jáde. Èmi jókòó síwájú. Okùn àwọ̀n kan wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi, ẹnu rẹ̀ gún gérégé. Mo tú u, mo sọ ọ́ sínú omi. Mi ò bi ara mi léèrè pé kí ló ṣe okùn náà.

Àgbàlagbà náà wò mí títí. Wọ́n wá sọ fún àwọn ọmọ wọn pé, "Wọ́n ti kí mi lónìí. Kí wọ́n má tún kí mi mọ́."

Kí oòrùn tó wọ̀, orúkọ mi ti di Dọ̀bálẹ̀ ní gbogbo etí omi náà. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Bàbá dùbúlẹ̀ sínú ilé, ibà mú wọn, wọn ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù méjì ló ń bà mí. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa kú, èmi ló sì pa wọ́n. Èkejì ni pé wọ́n máa yè, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ sọ ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ẹnu wọn ti wá. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé àpótí mi, mo bá ọkọ̀ tó ń lọ sí Igbókòdá lọ, mo wọ lọ́rì níbẹ̀. Mi ò yọjú sí yàrá wọn. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí mo dé Ìlódè, ìyá mi rí mi, wọ́n bú sẹ́kún, nítorí awakọ̀ kan ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ wa dà. Wọ́n ń fọwọ́ kàn mí lórí, wọ́n ń fọwọ́ kàn mí láyà. "Oníbàárà mi ńkọ́?" ni wọ́n ń bi mí. "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà mi nínú omi?"

Mo ní, "Mo dì wọ́n mú."

Ohun tí mo sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi ló kọ́ ìyókù lé e lórí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ọmọ wọn tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ di bàbá arúgbó lọ́wọ́ mú nínú òkun, tí kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ìrànwọ́ fi dé. Wọ́n dín àkàrà, wọ́n fi ṣe sàárà. Aáfà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ará Ẹdẹ, wá ṣàdúrà fún mi. Wọ́n ní, "Alhamudulilaahi. Ẹni tó bá gba ẹ̀mí kan là, ẹ ò mọ iye ẹ̀mí tó gbà." Wọ́n fún mi ní àkàrà tèmi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹ́ níwájú gbogbo wọn.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, awakọ̀ mú ìròyìn wá pé Bàbá ti ń jẹun, wọ́n ti ń jókòó níta. Ìyá mi jó. Èmi wọ yàrá mi lọ. Ẹni tí mo fi gìgísẹ̀ ta sínú omi ti yè, ohun tó sì kàn mí ni pé ẹnu wọn ti là. Bí wọ́n bá sọ ọ́, ojú wo ni ìyá mi máa fi wo oníbàárà wọn, ojú wo ni wọ́n sì máa fi wo ará Ìlódè tó jẹ àkàrà? Tí lọ́rì ẹja bá ti dé, mo máa ń wá ibi tí mo máa lọ. Nígbà míì, mo máa ń rìn dé Mọdákẹ́kẹ́, láìní ẹni tí mò ń wá níbẹ̀.

Òjò ọdún náà ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí mo wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí mo bá Bàbá lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Wọ́n ti rù. Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn, aáfà náà ti débẹ̀.

"Òun nìyẹn," ni ìyá mi sọ. "Ẹni tó dì yín mú nìyẹn."

Bàbá wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé eyín iwájú wọn méjì ti lọ. Ìyá mi náà rí i.

"Oníbàárà, eyín yín ńkọ́?"

"Òkun ló gbà á. Ó ní mi ò lè lọ lọ́wọ́ òfo báyẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Aáfà fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí ṣe ọkùnrin o."

"Ó ṣe é," ni Bàbá sọ. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ le."

Ìyá mi lọ sídìí oúnjẹ. Bàbá ní kí n wá fa omi fún àwọn kí àwọn fi bọ́jú. Mo mú wọn lọ sídìí kànga lẹ́yìnkùlé. Mo fa omi, ìdajì rẹ̀ dà nù. Wọ́n bọ́jú tán, wọ́n fi etí agbádá nù ún.

"Nígbà tí wọ́n fà ẹ́ jáde," ni wọ́n sọ, "kí lo bá ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ?"

"Okùn àwọ̀n ni, sà."

"Ṣé ó já ni, àbí wọ́n gé e?"

Mo rántí ẹnu okùn náà.

"Wọ́n gé e ni, sà."

"Ta ló gé e?"

Mo wo ọrùn wọn. Okùn tí wọ́n fi ń so ọ̀bẹ kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Mo já ọ̀bẹ lọ́rùn mi, mo gé tìẹ tán," ni wọ́n sọ. "Ó ku tèmi. Ibẹ̀ lo ti ta ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo kúnlẹ̀. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pátápátá, wọ́n fi ẹsẹ̀ dí iwájú mi.

"Dìde. Ẹrẹ̀ nìyẹn. Tí ìyá rẹ bá bi ẹ́ pé kí ló dé aṣọ rẹ, kí lo máa sọ? Wàá tún parọ́ mìíràn."

Mo dìde. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Mo ní mo rò pé wọ́n fẹ́ fà mí rì ni.

"Ẹni tó ń rì kì í mọ ọwọ́ tó ń gba òun là. Mo ti fa ẹnì kan jáde rí tó gé mi níka jẹ. Mi ò bínú sí i. Mi ò sì bínú sí ẹ nítorí eyín. Ohun tó dùn mí ni pé mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ níta yàrá lọ́jọ́ tó o ń lọ. Mi ò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ mò ń gbọ́. Mo rò pé wàá wọlé wá kí mi. Ìwọ tó o dọ̀bálẹ̀ lórí omi, o ò lè kí mi lórí ilẹ̀."



Mo bi wọ́n níkẹyìn bóyá wọ́n máa sọ fún ìyá mi.

"Ká ní mo fẹ́ sọ ọ́, awakọ̀ ì bá ti bá mi sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Àárín èmi àti oníbàárà mi kò ní bàjẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ. Tèmi ti tán. Tìẹ wà lọ́wọ́ rẹ."

Wọ́n sùn sílé wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èmi àti ìyá mi sìn wọ́n lọ sí gáréèjì. Wọ́n gun lọ́rì, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀ náà. Èrò pọ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n dágbére. Bàbá wá yíjú sí mi.

"Kí Bàbá," ni ìyá mi sọ. "Kí lò ń wò? Dọ̀bálẹ̀."

Mo wo Bàbá lójú. Mo ká ọwọ́ mi, mo fi kan ara pákó lọ́rì náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ gbà mí," ni ìyá mi wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé wa nìyẹn? Ẹ má bínú o, oníbàárà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, àlàfo ẹnu wọn sì hàn. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti wá mọ̀ ọ́n báyìí." Wọ́n fi ìka ọwọ́ wọn kan pákó lẹ́ẹ̀mejì láti inú. Lọ́rì gbéra, ó gba ọ̀nà Oǹdó lọ.

Mo mọ̀ níbi tí mo dúró sí pé kò sí ẹni tó tún lè tú mi fó mọ́ láyé, àfi èmi fúnra mi. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà nítòsí bi ìyá mi pé ta ni bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹn. Ìyá mi fà mí lọ́wọ́ síwájú, wọ́n fi mí hàn án.

"Ṣé o rí ọmọ mi yìí?" ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. "Òun ló di bàbá yẹn lọ́wọ́ mú nínú òkun."

Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀, ó ní mo kú iṣẹ́. Mo ní ẹ ṣé, mà.